Bàbá, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kánádà Kì Í Ṣe Sẹ́kọ́ńdírì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Màmá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Temple Hills, ní Maryland l'Amẹ́ríkà níbí. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo kúnlẹ̀ sí, orúnkún ò dùn mí, torí náà ẹ má tíì ní kí n dìde. Ṣé ara yín le? Ṣé ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ n'Ìbàdàn? Ṣé ikọ́ tó ń dààmú Màmá ti lọ? Ẹ bá mi kí Bùnmi àbúrò mi. Bùnmi, fi iṣẹ́ tó o ń ṣe sílẹ̀, kó o wá gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ ni.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí lẹ́tà ọmọ yín. Màmá ló fà á o. Wọ́n ní mo lè máa pe fóònù títí káàdì á fi tán, pé ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, "hẹ́lòó, hẹ́lòó" nìkan lẹ mọ̀ ọ́n ké. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ẹ máa kà á, ẹ máa tún un kà, ẹ máa fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, ẹ máa sì gbà á gbọ́. Ni mo bá bẹ olóòtú ìwé ìròyìn yìí, ó sì gbà. Ó ní òun mọ àwọn òbí míì tí irú ọ̀rọ̀ yìí wà nílé wọn. Bàbá, bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú Yorùbá mi, ẹ fa ìlà yín sí i, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

Kó lè yé ẹni tí kò mọ̀ wá, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà lé Bùnmi padà, ó wá kọ̀wé sí Kánádà, ilé-ìwé méjì sì gbà á. Ọ̀kan jẹ́ yunifásítì ńlá kan tó fẹ́ kó wá kọ́ báyọ́lọ́jì. Èkejì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú kékeré, tó fẹ́ kó wá kọ́ iṣẹ́ awò ojú: bí wọ́n ṣe ń gé gíláàsì rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọn ojú ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń fi awò jókòó sí imú kó má máa yọ̀ bọ́. Bùnmi fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀yin Bàbá ní yunifásítì ni dandan, pé bó bá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó má sọ níbì kankan pé ẹ̀yin lẹ bí òun. Wọ́n ń retí èsì wa ní Kánádà kí oṣù yìí tó parí. Bùnmi sì ti sọ fún mi pé òun ò ní lọ síbì kankan tí Bàbá ò gbàdúrà fún òun. Ó ní bó bá jẹ́ yunifásítì lẹ ṣì wí, òun á lọ, òun ò ní jiyàn. Mo mọ ọmọ náà, ohun tó bá sọ ló máa ṣe. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo pè yín pé Bùnmi ti rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀ ní Kánádà, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ṣé orí mi pé, pé ṣebí ó ti pẹ́ tí Bùnmi ti jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ra yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, kí ló tún fẹ́ padà lọ ṣe ní sẹ́kọ́ńdírì, ṣé kí wọ́n tún lè máa nà án lórí ìlà ni? Mo ní rárá o, kì í ṣe irú kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Ẹ ní áà, ó ti yé yín, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ni. Ohùn yín sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, mo bá ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé lókè òkun, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Inú yín dùn, ẹ súre fún mi títí káàdì fi já. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ yín ń lọ sí yunifásítì.

Kì í ṣe irọ́ ni mo pa. Níbi tí mo wà yìí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ní Maryland, ẹni tó bá ní ọmọ òun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, yunifásítì ló ń wí, ẹnu tèmi náà sì ti mọ́ ọn. Líńdà ló là mí lójú. Nọ́ọ̀sì ni bíi tèmi, wọ́ọ̀dù kan náà la wà. Kánádà ni wọ́n bí i sí, ọkọ ló gbé e wá síhìn-ín. Mo ń fọ́nnu fún un níbi tá a ti ń jẹun ọ̀sán, pé àbúrò mi ti rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀ nílùú wọn. Ó kí mi kú oríire, ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ fọwọ́ kọ́. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ ti jẹ́? Ló bá ṣàlàyé fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, ọ̀tọ̀ ni yunifásítì, ọ̀tọ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní yunifásítì ni wọ́n ti ń gba dìgírì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni èèyàn ti ń kọ́ iṣẹ́ tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó bá sì jáde, iṣẹ́ náà ló máa lọ ṣe tààrà. Mo gbé búrẹ́dì ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Bàbá! Ìbàdàn ní ohun tó ń pè é, Maryland ní tiẹ̀, Kánádà ní tiẹ̀, àwa ọmọ ilé kan náà wá ń fi í jà lórí fóònù.

Ẹ ò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo pè láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ẹ ní èmi àti Bùnmi ti pawọ́ pọ̀ láti tàn yín. Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìbínú. Bùnmi ti mọ ìyàtọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti kà á ní kàfé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó ní òun ò fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ ò rí i bí ẹ̀kọ́ ilé yín ṣe kó bá gbogbo wa.

Iṣẹ́ wa níbí, iṣẹ́ ìdúró ni. Mo máa ń jáde kí ojú tó mọ́, ojú á sì ti ṣú kí n tó wọlé, ìdí mi lè má kan àga láàárín méjèèjì. Yìnyín bọ́ lóṣù yìí, ó dì sójú títì, ó ń yọ̀ bí ilá. Ó kù díẹ̀ kí n fìdí jálẹ̀ ní ibùdókọ̀, ọkùnrin àgbàlagbà kan ló di apá mi mú, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ kí n tó rí ẹnu dúpẹ́. Mọ́tò kan la ní, ọkọ mi, bàbá Táyọ̀, ló ń gbé e lọ sí Beltsville níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, èmi ń wọ bọ́ọ̀sì. Táyọ̀ ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa, ó ti pẹ́ tá a ti jọ ń gbébẹ̀, ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ọjọ́ Sunday tá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ni mo ń rí ẹni tó máa kí mi kú ọ̀sẹ̀, kú òtútù, kú ọmọ, ara mi á wá wálẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò fi ọ̀rọ̀ ibi tí Bùnmi ń lọ ṣeré. Ọmọ kékeré ni òtútù ibí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kánádà, èmi sì ní ọkọ àti ọmọ lọ́dọ̀. Òun nìkan ló ń lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Líńdà, mo sọ fún ara mi pé mi ò ní gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò náà gan-an ni mo máa bi. Ojú ewé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kánádà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwé wọn, yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì lápapọ̀. Wọ́n á kọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára, wọ́n á wá fún ilé-ìwé náà ní ìràwọ̀, bí ẹ ṣe máa ń fún wa ní máàkì. Ọjọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, mo máa gbé tíì mi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi á ní ṣé èmi ni mo fẹ́ lọ ilé-ìwé ni, àbí Bùnmi.

Mo mọ̀ pé ìwé aláwọ̀ mèremère tí yunifásítì fi ránṣẹ́ wà lórí tábìlì pálọ̀ yín, pé kò sí àlejò tí kì í rí ilé gíga tó wà níwájú rẹ̀ àti àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lórí koríko. Bàbá, yunifásítì ló kọ ìyẹn nípa ara rẹ̀. Ta ló máa ń fi ojú oorun ya fọ́tò? Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín lórí koríko níbẹ̀ náà. Mi ò ka èyíkéyìí nínú wọn sí.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń kọ! Ọ̀kan ní oúnjẹ ilé-ìwé àwọn, ajá òun ò ní fẹnu kàn án. Ọ̀kan bú tíṣà ìṣirò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé òun kì í lọ sí kíláàsì. Ọ̀kan fún ilé-ìwé rẹ̀ ní gbogbo ìràwọ̀ torí pé àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ kì í sá fún èèyàn. Ọ̀kẹ́rẹ́ o, Bàbá! Èmi tí mo mọ ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀kẹ́rẹ́ se ọbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òmíràn tún kọ ọ́ bí ohun tó dára pé orúkọ tí ìyá olùkọ́ sọ ọ́ ni àwọn fi ń pè é, kò sí sà, kò sí mà. Mo ní èyí, mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Bàbá mi gbọ́ ọ. Ẹ ti wá gbọ́ ọ báyìí.

Ó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú nọ́ọ̀sì kà á. Ní wọ́ọ̀dù wa, ẹni tó ń pariwo pé a ti pa òun, ara rẹ̀ ṣì dá díẹ̀, ó rí èémí fi pariwo. Ẹni tó bá rọra ní kò sí nǹkan, pé kí n máa lọ wo àwọn yòókù, òun ni mo máa ń yí padà lọ bá. Ni mo bá fi àwọn tó ń bú oúnjẹ sílẹ̀, mo ń wá àwọn tó rọra sọ̀rọ̀. Mo wá rí ọ̀kan lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Bùnmi fẹ́, mo sì rí ọ̀kan lábẹ́ yunifásítì tí ẹ̀yin fẹ́.

Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìràwọ̀ mẹ́ta péré ló fún wọn. Ohun tó kọ kò gùn rárá: "The school tried. The lecturers tried. Nobody insulted me." Mo fi han Líńdà. Ó mi orí, ó ní àánú ọmọ náà ṣe òun, pé ilé-ìwé tí kò ṣe ju kó gbìyànjú lọ, kò já mọ́ nǹkan. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá, ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tó kọ ìyẹn! They tried! Wọ́n gbìyànjú! Ọmọ wa ni! Ìgbà wo la máa ń sọ pé èèyàn gbìyànjú? Ìgbà tó bá ṣe é débi tí a ò mọ bá a ṣe máa yìn ín mọ́ ni. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣílé yín, tí bíṣọ́ọ̀bù wọ inú yàrá kan bọ́ sí èkejì, tó wo òkè, tó wo ilẹ̀, kí ló sọ? Ó ní tíṣà, ẹ gbìyànjú. Ẹ ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn títí dòní. Líńdà ka gbólóhùn náà bí èébú, èmi kà á bí ìyìn.

Ti yunifásítì, gbogbo ìràwọ̀ ló fún wọn, ọ̀kan ò yẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: "Very big and reputable school. God is in control. It is well." Líńdà ní ìyẹn gan-an ni ká máa wò, pé inú ọmọ yìí dùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Èmi, àyà mi já. Bàbá, ìgbà wo là ń sọ pé it is well? Nígbà tí àwọn olè kó ilé alábàágbé wa, tí wọn ò ṣẹ́ ku ṣíbí, kí ni gbogbo ìjọ ń sọ bí wọ́n ṣe ń wọlé wá kí i? Nígbà tí ẹ lọ bèèrè owó ìfẹ̀yìntì yín, tí wọ́n ní kò tíì jáde, tí ẹ padà wálé, tí ẹ ṣí fìlà, kí lẹ sọ fún Màmá? Ẹni tára tù nínú wa kì í sọ it is well, "a ń gbádùn" ló máa ń wí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àyè wà lábẹ́ ohun tí kálukú kọ tí èèyàn lè fèsì sí. Mo fi Yorùbá kọ ọ́ sábẹ́ àwọn méjèèjì, láìsí àmì ohùn, torí kọ̀ǹpútà mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ẹ kú ẹ̀kọ́ o, ẹ kú òtútù, ẹ̀gbọ́n yín kan ní Maryland ló ń béèrè, ṣé kò sí o? Ó rí bákan láàárín gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Líńdà bi mí ṣé mi ò rò pé wọ́n á pa á rẹ́.

Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ló kọ́kọ́ dáhùn. Ọmọbìnrin kan ni, ará Ọ̀yọ́, iṣẹ́ awò ojú kan náà tí Bùnmi fẹ́ kọ́ ló ń kọ́. Ariwo ló fi bẹ̀rẹ̀, pé yéè, ta nìyí, òun ò tíì rí Yorùbá kà látìgbà tí òun ti dé! A gba nọ́ńbà ara wa, a sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ìrẹsì mi fi jóná. Kò tàn mí. Ó ní ìlú náà kéré, kò sí iṣu, èlùbọ́ tí òun gbé wá ti ń tán. Ó ní òtútù ibẹ̀ ń gé etí. Ó ní àwọn kan nílùú náà pàápàá a máa fojú tín-ín-rín wo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n ó ní olùkọ́ àwọn mọ ojú gbogbo àwọn, lọ́jọ́ tí òun ò sì wá, ó pe fóònù láti mọ ohun tó ṣe òun. Ó ní obìnrin náà ń pe orúkọ òun ní àpètúnpè níwájú kíláàsì títí ẹnu rẹ̀ fi yí i. Mo bi í nígbà náà pé kí ló dé tí ìràwọ̀ fi jẹ́ mẹ́ta. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ta ló ń gba gbogbo máàkì? Bàbá, bíi pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.

Ti yunifásítì pẹ́ kó tó fèsì, mo ti ń rò pé kò ní fèsì mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin ni. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ àwọn òbí mi ni? Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n, kó fọkàn balẹ̀. Nígbà yẹn ló tó pè mí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní gbọ̀ngàn tí àwọn ti ń gba ẹ̀kọ́ tóbi débi pé òun ò mọ àwọ̀ ojú olùkọ́ òun. Ó ní òun ṣàìsàn, òun dùbúlẹ̀ sí yàrá títí ara òun fi yá fúnra rẹ̀, òun sì padà sí kíláàsì, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ò sí. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wọn nílé. Ó wá ní bàbá òun ti ya fọ́tò yunifásítì náà sí kàlẹ́ńdà, ó sì ti pín in káàkiri àdúgbò. Ó ní ibo ni òun fẹ́ gbà sọ ọ́? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè, it is well ni òun ń sọ, inú wọn á sì dùn. Bàbá, mo sunkún. Èmi náà ti sọ ọ́ fún yín rí, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé síbí. Mo ní kó máa pè mí lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Ó ń pè, bàbá Táyọ̀ á gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n á jọ máa jiyàn bọ́ọ̀lù, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ yunifásítì o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kọ̀wé pé ibẹ̀ dùn, pé àwọn rí ọ̀rẹ́, pé ìwé pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Ọmọ Líńdà gan-an lọ sí yunifásítì ní Kánádà, inú rẹ̀ ò sì bà jẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá lọ síbẹ̀ á rí i. Ṣùgbọ́n ṣé Bùnmi bèèrè báyọ́lọ́jì ni? Àwa la ní kó kọ ọ́ sínú ìwé. Awò lọmọ yẹn ń fi ọwọ́ ṣeré látìgbà tó ti wà ní kékeré. Ṣé ẹ ti gbàgbé àwọn ìyá àgbà inú ìjọ, tí wọ́n máa ń gbé awò tó ti ṣẹ́ lápá wá fún un lẹ́yìn ìsìn, tó máa ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, tó máa fi sí wọn lójú, tó máa sún sẹ́yìn wò wọ́n, tó tún máa bọ́ ọ, tó tún máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀? Kò sẹ́ni tó rán an. Báyọ́lọ́jì, ńṣe la máa ń bá a lórí ìwé rẹ̀, tó ti sùn lọ fọnfọn.

Bàbá, ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ fojú ọmọ wò mí. Mo mọ ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ṣe yín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà lẹ lọ, ẹ kọ́ ọmọ títí irun yín fi ń funfun, ẹ̀yin ló kàn láti di ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n wá gbé ọmọkùnrin kan wá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì, ẹni tí ẹ fọwọ́ yín kọ́ ní ABD, wọ́n fi í jẹ ọ̀gá lé yín lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ so táì yín, ẹ lọ síbi iṣẹ́, ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ò sọ nǹkan kan fún wa. Màmá ló sọ pé ẹ ò jẹun. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, torí náà kì í ṣe àṣírí ni mo tú, kò sì sí ìtìjú yín níbẹ̀, ìtìjú àwọn tó ṣe é ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe agídí lẹ ń bá Bùnmi ṣe. Ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi dìgírì yan ọmọ yín jẹ ni. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n yunifásítì àgbà tó wà nílùú yín yẹn, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, àwọn tó jáde níbẹ̀ nígbà náà ò sì kéré lójú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ kí n tó kúrò nílé yín, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti gbọ́ ọ.

Mi ò lè fi agbára mú yín, mi ò sì tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, tí ẹ ṣì ní yunifásítì ni dandan, Bùnmi á lọ, torí ọmọ tó ń gbọ́ràn lẹ bí. Á ra kóòtù tó nípọn, á máa jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn ńlá yẹn, á máa kọ́ ohun tí kò fẹ́. Ẹ ó máa pè é lọ́jọ́ Sunday, ẹ ó máa bi í pé yunifásítì ńkọ́. Á sì sọ fún yín pé it is well. Inú yín á dùn, ẹ ó sọ fún gbogbo ìjọ, wọ́n á bá yín dúpẹ́, wọ́n á bá yín jó. Èmi nìkan ni mo máa gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn ń sọ.

Ẹ má jẹ́ kó débẹ̀, Bàbá mi. Ẹ gbé ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀, kí ẹ pè é, kí ẹ gbé ọwọ́ yín lé e lórí. Kí ẹ fi ẹnu ara yín dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fún un, kí ẹ ní kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ọjọ́ tí nǹkan bá le fún un níbẹ̀, ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ pè.

Màmá mi, ẹ ṣeun tí ẹ ní kí n kọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé yìí di ẹ̀pà kí wọ́n tó kà á tán. Bàbá Táyọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún yín. Táyọ̀ ní kí n kí Grandpa àti Grandma, mo sì ti fi ipá mú un sọ ẹ kú alẹ́. Ẹ bá wa kí ìjọ, ẹ bá wa kí àwọn ìyá àgbà tó ń wọ awò oníwáyà, ẹ bá wa kí ará ilé àti ará àdúgbò pátá. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ojú yín kò ní ríbi lára ọmọ, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ, ẹ ó jẹun àwa ọmọ pẹ́ títí, ohùn ayọ̀ ni a ó máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ ara wa.

Èmi ni ọmọ yín, tí tíṣà tó jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì tọ́ dàgbà,

Morẹ́nikẹ́.